Góòlù Mẹ́sàn-án ní Orúkọ Ẹlòmíràn

Nígbà tí Gánà dá Nàìjíríà dúró ní Àbújá ní oṣù kẹta ọdún 2022, tí ẹgbẹ́ Super Eagles kò sì lè lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé ní Qatar, ariwo kan ni ọ̀pọ̀ àgbà Èkó pa. Nígbà tí Kóńgò Kinshasa tún fi pẹ̀nárítì lé wọn dànù ní Rabat ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ariwo kan náà ni wọ́n tún pa. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ti di ohun tí ìjọba ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti ń jó àjórẹ̀yìn. Wọ́n ní kí wọ́n dá ayé Principals Cup padà bí ó ti rí látijọ́, kí gbogbo ojú wá rí bí agbábọ́ọ̀lù gidi yóò ti pọ̀ tó.

Bàbá kan wà ní Ìjanikin tí kì í bá wọn pa ariwo yìí, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ gbà á ju ti ọ̀pọ̀ wọn lọ. Olùkọ́ ni, ó ti fẹ̀yìntì. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, ní agbègbè tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ wà, tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó di yunifásítì ní 2022 náà sì wà. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jáde ní ọ̀sán, wọn a máa gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lórí yanrìn. Ẹni tí kò bá rí bọ́ọ̀lù gbá nínú wọn a máa fi ẹsẹ̀ ta ike omi lọ títí dé ilé.

Bàbá náà ní ìwé ìkọ̀wé kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí tádàwà inú rẹ̀ sì ti ń ṣá lọ. Ìdíje méje ni ó wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n gbá a, pápá tí wọ́n ti gbá a, iye góòlù, àti orúkọ ẹni tí ó gbá góòlù sílé. Ìtàn sáà kan ṣoṣo ni, ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ girama tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kípà kejì fún. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Èkó títí di òní, kò sì sí ohun tí dídárúkọ rẹ̀ yóò fi kún ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tí kò bá ìgbà náà kò lè mọ ohun tí sáà bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ní Èkó. Ìparí àwọn ọdún 1940 ni ìdíje ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Zard Cup ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é kí ó tó di Principals Cup. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà méjìdínlógún wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí ọ̀pọ̀ wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù lójú òyìnbó, tí wọ́n sì na ẹgbẹ́ Marine Crosby ní góòlù márùn-ún sí méjì nínú ìdíje àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá ti di ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀. King's College, CMS Grammar School, Igbobi College, Baptist Academy, Methodist Boys' High School, St Gregory's: ọjọ́ tí méjì nínú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ pàdé ní pápá King George V ní Oníkan, èyí tí wọ́n ń pè ní Mobolaji Johnson Arena lónìí, àwọn ọmọ a máa fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ìta Erékùṣù, wọn a gba orí afárá Carter, wọn a máa lu agolo, wọn a máa lu páálí, ohùn wọn a sì ti há kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ènìyàn ńlá ti inú ìdíje náà jáde, kò sí àní-àní. Haruna Ilerika ti Zumratul Islamiyyah, tí ó mọ bọ́ọ̀lù yí mọ́ni lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ débi pé àwọn ènìyàn a máa lọ wo òun nìkan, bọ́ sí Stationery Stores láti ilé-ẹ̀kọ́, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó gba ipò kẹta ní ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Ethiopia ní 1976. Fadá Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó dé Nàìjíríà ní 1941, tí ó jẹ́ oníròyìn, tí ó tún jẹ́ rẹfirí, ni ó dá St Finbarr's sílẹ̀ ní 1956. Ohun mẹ́ta ni wọ́n mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́: ìwé, bọ́ọ̀lù àti ìkóra-ẹni-níjàánu. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi ti jáde, ẹni tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ tí ó gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994, tí ó sì tún jẹ́ olùkọ́ni ẹgbẹ́ tí ó gbà á ní 2013. Ibẹ̀ náà ni Henry Nwosu ti wá. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí wọ́n mú un mọ́ ẹgbẹ́ tí ó na Àlùjíríà ní mẹ́ta sí òdo ní Sùúrùlérè ní oṣù kẹta ọdún 1980. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n na Jámánì ìwọ̀-oòrùn ní Beijing ní 1985, tí wọ́n gba ife àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́.

Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn àgbà ń rántí nígbà tí wọ́n bá ń pariwo. Ìrántí a máa mú ẹni tí ó gòkè, a sì fi ẹni tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn sílẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan wà nínú ìwé ìkọ̀wé Ìjanikin, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Sáà ọdún 1971 ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni kípà kejì nígbà náà, ó wà ní kíláàsì kẹrin. Kípà kejì kì í gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ǹṣì ni ó ń ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi ráyè kọ ohun tí ó ń rí sílẹ̀. Bàtà bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ náà ní kò tó ènìyàn mọ́kànlá, nítorí náà kípà àkọ́kọ́ a wọ bàtà kánfáàsì, ẹ̀yìn kan sì wà tí ó fẹ́ràn ẹsẹ̀ lásán ju ohunkóhun lọ. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni kóòṣì wọn. Wọ́n pàdánù ìdíje àkọ́kọ́ ní òdo sí méjì, kóòṣì kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ bí wọ́n ti ń padà.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, ọmọ tuntun kan wọ kíláàsì kẹrin. Ọmọ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n ti ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, ṣòkòtò aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ náà sì fún un ní itan. Olùkọ́ ń pe rẹ́jísítà. Ó dé orí orúkọ ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ ti kó lọ sí Kàdúná ní ọdún tí ó kọjá, ẹni tuntun náà sì dáhùn. Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé orí pápá ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n rí ìdí: ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Yorùbá kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣùgbọ́n ẹni yìí lè fi ẹsẹ̀ òsì júwe ojúlé èyíkéyìí fún bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù a sì dé ibẹ̀.

Èbúté Mẹ́ta ni kóòṣì ti rí i níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ káfíńtà ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ku ọdún kan kí ó ṣe fúríìdọ̀mù. Ìyá rẹ̀, tí ó ń din àkàrà lójú títì, ni kóòṣì lọ bá. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò gba ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, yóò fún un ní aṣọ, yóò sì jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá bí ọmọ olówó. Ìyá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada àkàrà, ó dúpẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni ó lọ gba ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá káfíńtà, ọ̀gá náà sì bínú.

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní orúkọ fún irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀: mercenary, jagunjagun tí wọ́n yá fún ogun ọlọ́gun. Ó ṣeé ṣe kí kóòṣì gba ìlérí tirẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ tí ó ṣe é. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀ kò béèrè ohunkóhun, nítorí ẹni tí kò béèrè kì í gbọ́ irọ́. Ní ti kípà kejì, iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀ ẹ́. Kóòṣì ní kí ó kọ́ ẹni tuntun náà bí wọ́n ti ń kọ orúkọ tí ó wà nínú rẹ́jísítà, bóyá àwọn aláṣẹ ìdíje lè ní kí ó fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò, ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Nígbà tí ó mọ̀ ọ́n kọ tán, ó di ìwé náà mú, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ kọ́ mi ní ìyókù.” Àbúrò rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀ báyìí o, ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́ta jù lọ, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀yin pè é nítorí ìwé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti A. Lẹ́tà G ni wọ́n dé tí ẹgbẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáwé olúborí, àkókò ìsinmi ọ̀sán sì di àkókò ìgbáradì. Wọn kò padà sídìí máńgòrò mọ́.

Ìwé ìkọ̀wé náà sọ ìyókù ní ṣókí. Mẹ́ta sí ẹyọ kan: ẹni tuntun gbá méjì. Méjì sí òdo: ó gbá ẹyọ kan. Ọ̀mì, ẹyọ kan sí ẹyọ kan: òun ni. Mẹ́rin sí òdo: ó gbá mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn láti ibi tí ènìyàn ti ń ju bọ́ọ̀lù wọlé, tí kípà kejì sì fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Méjì sí ẹyọ kan: méjèèjì. Góòlù mẹ́sàn-án nínú ìdíje márùn-ún. Ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n gbé e gun èjìká yí pápá ká, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sì ń pe orúkọ ọmọ tí ó wà ní Kàdúná bí ẹni ń pe orúkọ òrìṣà.

Ìdíje keje, èyí tí ó kángun sí àṣekágbá, ni wọ́n gbá ní Oníkan. Kò sí góòlù ní ìlàjì àkọ́kọ́. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù bọ́ sí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ níwájú ilé, òun àti kípà nìkan ni ó kù. Ó dúró. Kò pẹ́ jù kí ojú ó ṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó dúró, ó gbójú sókè wo àwọn èrò ìwòran, ẹ̀yìn kan sì ti sáré dé, ó gba bọ́ọ̀lù lọ. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ kejì ti gbé e lọ gbá góòlù kan ṣoṣo tí ó wà nínú ìdíje náà. Ohun tí kípà kejì kọ síbẹ̀ ni: “Ó dúró. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀.” Kóòṣì kò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n wọlé fún sáà tuntun, akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ pe ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà pé owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì wọlé. Ó lọ bá kóòṣì. Kóòṣì ní kí ó fi ara balẹ̀. Ó fi ara balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà wọn kò rí i mọ́. Àga rẹ̀ ṣófo, ọmọ mìíràn sì jókòó síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lọ sí Èbúté Mẹ́ta lọ wò ó, kípà kejì pẹ̀lú kò lọ, bẹ́ẹ̀ ó mọ ọ̀nà.

Irú ìwà yìí ni ó dàgbà di ohun tí gbogbo ayé wá rí. Ní 1989, FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú àwọn ìdíje ọ̀dọ́ fún ọdún méjì nítorí ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tí kò bára mu. Ní 2009, nígbà tí ìdíje àgbáyé ti àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún wáyé ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ, Nàìjíríà sì ní láti fi àwọn kan sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bú àwọn ọmọ tí wọ́n dín ọjọ́ orí wọn kù. Ó dára kí wọ́n bú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í dá rẹ́jísítà kọ. Àgbàlagbà kan a ti mú bírò kí ọmọ tó dáhùn.

Ní ọdún 2012, ìjì ká òrùlé ilé bàbá olùkọ́ ní Ìjanikin. Àkókò náà ni wọ́n ń fẹ títì Àgbádárìgì lójú, tí wọ́n ń wó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì ṣòro láti rí káfíńtà tí kò tíì ṣí kúrò ní ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Aládùúgbò kan mú ọ̀kan wá fún un láti ọ̀nà Òkókómáìkò, àgbàlagbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó ní ọmọ-iṣẹ́ méjì. Ó gun àkàbà, ó yẹ igi òrùlé wò, ó sọ iye tí yóò gbà, wọ́n dúnàá dúrà, bàbá olùkọ́ sì san ìdajì sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà olùkọ́, ó kọ rìsíìtì, ó ní kí ó fọwọ́ sí i.

Káfíńtà gba bírò. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé gan-an, ó fi ara balẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, bí ọmọ kékeré tí ń kọ ìwé sórí síléètì. Orúkọ ọmọ tí wọ́n kó lọ sí Kàdúná ni ó kọ.

Bàbá olùkọ́ kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi í léèrè pé ta ni ó kọ́ ọ ní orúkọ yẹn. Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú, kì í ṣe orúkọ mi. Òun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Ọmọ kan ló kọ́ mi nígbà tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù.” Bàbá olùkọ́ dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì mú ìwé ìkọ̀wé náà jáde. Nígbà tí ó fi máa padà dé, ẹnu rẹ̀ ti yí padà. “Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó.”

Káfíńtà kò lè ka ìwé náà, ṣùgbọ́n ó dá orúkọ yẹn mọ̀ níbikíbi tí ó bá wà. Ó fi ìka kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kà á dé mẹ́sàn-án. Ó ní òun rò pé méje ni. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé ojú ewé ìkẹyìn tí orúkọ náà kò sí, ó béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, bàbá olùkọ́ sì kà á fún un.

Ó ní ìyá òun ni. Kò fìgbà kankan wá wo bọ́ọ̀lù rí. Lọ́jọ́ náà, ó ti tètè gbé agbada sílẹ̀, ó bá àwọn ọlọ́jà kan wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oníkan, ó sì jókòó sáàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó rí bọ́ọ̀lù ní ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó dìde, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pe orúkọ tí òun sọ ọ́. Òun gbọ́ ọ, ó sì kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kí òun dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà á pé àwọn aláṣẹ yóò gbọ́, wọn yóò wo ìwé wọn, wọn kò ní rí orúkọ náà níbẹ̀. Ìgbà tí yóò fi rántí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ti lọ. Ìyá rẹ̀ bi í ní alẹ́ ọjọ́ náà pé kí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ tí òun kò gbọ́ orúkọ òun lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó purọ́ fún un pé ìnagijẹ bọ́ọ̀lù ni. Ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́ kò gbà á padà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mìíràn ní Mushin ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko.

Bàbá olùkọ́ béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó sọ ọ́. Bàbá olùkọ́ mú bírò, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, káfíńtà sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń kọ ọ́. Nígbà tí ó kọ ọ́ tán, ó ní bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́, àwọn lè máa bá a lọ láti G, ní ìrọ̀lẹ́, bí iṣẹ́ bá ti parí. Káfíńtà wo ojú ọ̀run lápá òkun, níbi tí ó ti ń ṣú bọ̀. Ó ní kí àwọn kọ́kọ́ bo ilé ná kí òjò tó dé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ òrùlé náà gbà. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá olùkọ́ san owó tí ó kù, ó sì kọ rìsíìtì kejì. Káfíńtà gba bírò, ó gbé e sókè lórí ìwé fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá a padà, ó béèrè bóyá tádàwà wà nílé, ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbẹ̀.